Bọ̀dá Tilẹ̀kùn àti Ooru Yàrá Sáfà

Gbogbo wa la mọ ọjọ́ tí Bọ̀dá Tilẹ̀kùn ná òtútù bí ẹni ń ná ẹran.

Yàrá sáfà ló ń tọ́jú níbi iṣẹ́ wa. Sáfà ni àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pa àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn mọ́. Ooru ti pa wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá ní bí wọ́n bá tún kú, òun á kó wọn lọ sí ìlú mìíràn, kí kálukú wa wáṣẹ́ lọ síbòmíì.

Bọ̀dá ní, "Kò ní ṣojú mi."

Àmọ́ ọ̀gá ò fẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù jẹ iná púpọ̀.

"Ọgbọ̀n dìgírì ti tó."

"Háà, ọ̀gá! Ṣé àdìrò ni? Ogún."

"Méjìdínlọ́gbọ̀n."

"Ẹ má bà mí lọ́jọ́ jẹ́, ọ̀gá mi. Méjìlélógún."

Bọ̀dá kẹ̀yìn, ó ń lọ.

"Padà wá jàre! Mẹ́rìnlélógún."

"Ẹ bá mi dì í."

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kó yìnyín sínú abọ́ nígbà kan, ó tò wọ́n sílẹ̀ yàrá. Yìnyín yọ́, omi kún ilẹ̀. Ọlọ́dẹ wọlé, ó fìdí janlẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Má bínú, àbúrò. Ṣùgbọ́n ṣé ara rẹ tutù báyìí?"

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wọlé àbí ẹ jáde, ẹ ṣáà tilẹ̀kùn!" Àlejò ọ̀gá pàápàá gbọ́ tiẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ ti mọ́ ọn lórí.

Ọ̀gá ti ní kí gbogbo sáfà kọjú sẹ́nu ọ̀nà, kí àlejò lè rí wọn. Bẹ́ẹ̀, ooru tó ń jáde lẹ́yìn sáfà iwájú ni sáfà ẹ̀yìn ń fà símú. Bọ̀dá yí wọn padà. Ó ní kí wọ́n kẹ̀yìn síra bí orogún tó ń jà, kí òtútù máa gba ojú wọlé, kí ooru máa gba ẹ̀yìn jáde. Ó wá ń fi páálí di gbogbo ihò tí ooru lè gbà padà. Páálí tán, ihò ò tán.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá jókòó, igi gún un.

"Ta ló yọ fóòmù àga mi?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lè dìde. Sáfà ò lè dìde."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó mú bí iná. Sáfà ò kú. Ọ̀gá fọwọ́ kàn wọ́n títí, ó mirí. "Wọn ò lọ ibì kankan mọ́."

Bọ̀dá ò rí ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni.

Ìyàwó rẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀. A mú un wọ yàrá náà. Òtútù bò ó, ó káwọ́ mọ́ra.

"Bọ̀dá yín yìí náà ló ń wá òtútù báyìí? Nílé, kì í jẹ́ ká tan fáànù! Tòun ti ooru, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì ló fi ń bora!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó rìn dé ẹ̀yìn àwọn sáfà, níbi tí ooru wọn ń gbà jáde. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí i.

"Báyìí ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Kò gbé ọwọ́ kúrò. A rọra jáde, a fi í sílẹ̀ níbẹ̀.