Aṣọ Eré Ọkọ Mi

Télọ̀ ni ọkọ mi, eré sísá ọlọ́nà jíjìn sì ni wèrè rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń gé aṣọ, èmi ni mò ń rán bọ́tìnnì. Àlùmọ́gàjí rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, èmi ìyàwó ilé gan-an kò gbọdọ̀ fi gé òwú. Ó ní ọwọ́ mi kì í lọ tààrà. Mo gbọ́, mo gbé e mì, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Nígbà tí eré ìje ku dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọkọ mi ní télọ̀ tó bá wọ aṣọ rírà, ara rẹ̀ ló fi ṣẹ̀sín. Ó rán tirẹ̀: dúdú, ó nípọn, ó ní aṣọ inú, ó tún ní kọ́là! Mo ní, "Olówó orí mi, oòrùn á sè ọ́ nínú nǹkan yìí." Ó kọ etí ikún sí mi.

Lọ́jọ́ eré, oòrùn mú janjan. Ibi tí wọ́n ti ń pín omi ni mo dúró sí. Ọkọ mi yọ, ó ń rìn tàgétàgé bí ọ̀mùtí. Ó kọjá omi, ó dì mọ́ òpó iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wọ̀n ọ́n. Ó ní kí òpó na apá, pé àyà rẹ̀ ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀rín kú lẹ́nu mi: ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ó ṣubú síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbi eré náà sáré gbé yìnyín dé. Ó ní ooru ti dé ọpọlọ rẹ̀, àfi kí a bọ́ aṣọ yẹn kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a máa pàdánù rẹ̀. A fà á títí, kò bọ́, kò já. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi kì í já. Nọ́ọ̀sì yọ àlùmọ́gàjí. Ẹni tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ àlùmọ́gàjí o! Ọkọ mi di kọ́là mú, ó ń lu nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Mo já àlùmọ́gàjí gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo sì gé aṣọ náà láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Wọ́n da yìnyín bò ó, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi mí sílẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó lajú. Ó wo aṣọ, ó béèrè ẹni tó gé e. Mo ní èmi ni. Ó fi ìka tọ ojú ibi tí mo gé, látòkè délẹ̀.

"Ìyàwó mi, ó lọ tààrà."

Ẹkún tí mò ń mú mọ́ra bú jáde.

Dókítà ní kó sinmi dáadáa, nítorí náà èmi ni mò ń gé aṣọ báyìí. Òun ló ń rán bọ́tìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ kì í lọ tààrà.