Ṣílè Kan Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Iná

Àjíbíkẹ́ kì í ṣe olè. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí ẹni tó bá rí i lọ́sẹ̀ náà, bó ṣe ń wo iwájú wo ẹ̀yìn, tó ń ta gìrì nígbàkígbà tí ọ̀kadà bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á rò pé ó gbé nǹkan oníǹkan ni. Opó ni. Fàdákà àlòkù ló ń rà ní Ifọ̀: ẹ̀gbà ọwọ́, yẹtí, ṣíbí, àti ṣílè ayé òyìnbó. Orí ìwọ̀n ló ti ń ra gbogbo rẹ̀, á sì kó o lọ fún Ògúnlàdé, alágbẹ̀dẹ tó ń yọ́ fàdákà ní Ìbàfò.

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ra fàdákà. Ohun tí o bá rà gbọ́dọ̀ sun ọ̀sẹ̀ kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ kó tó kan iná, bóyá ẹni tó ni ín á wá. Bí o bá rú òfin yìí, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ pa. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan pa, Àjíbíkẹ́ wà níbẹ̀, ó sì pàtẹ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Máyọ̀kún, àgbẹ̀ kan láti Ibogun, gbé ṣílè mẹ́fà wá. Ó ní ti ìyá òun ni. Àjíbíkẹ́ kò béèrè bóyá ìyá ọ̀hún mọ̀ sí i. Owó fàdákà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra sókè, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò já. Ojúkòkòrò, baba ọ̀kánjúwà! Ó wọ̀n wọ́n, ó sanwó, ó wá ń yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí Adébánjí ṣe kọ́ ọ. Adébánjí yìí ń gbé ní Arepo, ó ń ra owó àtijọ́ fún àwọn tó ń kó o jọ. Òun ló là á yé e pé gbogbo ṣílè kọ́ ló jọra: òmíràn ní lẹ́tà kékeré kan lábẹ́ ọdún tí wọ́n rọ ọ́, irú ẹ̀ ò sì wọ́pọ̀. Ọ̀kan nínú ti Máyọ̀kún ní in. Àjíbíkẹ́ so ìyẹn mọ́ igun ìborùn rẹ̀, ó sì kó márùn-ún tó kù lọ sí Ìbàfò lọ́jọ́ náà gan-an. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ́.

Ó pe Adébánjí. "Mi ò sí nílé, mà," ni ìyẹn wí. "Ó di Friday."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù dé. Inú fu, ẹ̀dọ̀ fu. Bí fóònù bá dún, alága ẹgbẹ́ ló máa ń rò pé ó ń pe òun. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí ni àwọn ọmọ òun máa jẹ? Ìborùn yẹn ò kúrò léjìká rẹ̀, bí oòrùn ṣe mú tó.

Ní Ọjọ́rú, Máyọ̀kún padà dé. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀.

Àjíbíkẹ́ kúnlẹ̀, kì í sì ṣe ìkíni nìkan ló mú un kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Má fòyà, mi ò bá ìjà wá. Owó tí ọmọ yìí gbà lọ́wọ́ rẹ rèé, kò tíì ná an. Kó ṣílè mi fún mi. Wọ́n ní ó máa ń sun ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ yín." Ìyá náà jókòó sórí àpótí. "Bàbá ọkọ mi kì í ju owó lásán sínú àwo omi lọ́jọ́ ìkómọ. Ṣílè fàdákà ni. Mẹ́fà ni mo bí, mẹ́fà ló jù. Máyọ̀kún nìkan ló kù láyé. Àwọn tó lọ ò ní fọ́tò, wọ́n sì ti kọ́lé sórí ibi tí a sin wọ́n sí. Ṣílè yẹn ni mo ní."

Máyọ̀kún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màámi, mi ò mọ̀. Ẹ ò sọ fún mi rí."

Àjíbíkẹ́ lè sọ pé gbogbo rẹ̀ ti wọ iná. Ta ló máa mọ̀? Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń tú igun ìborùn.

"Ọ̀kan rèé, mà. Mo ti yọ́ àwọn yòókù. Mo rú òfin. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa, mi ò ní jiyàn."

Arúgbó náà gbà á. Ó yí ṣílè náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Inú ọ̀já ni mo rán wọn sí," ó ní, "bí mo ṣe bí wọn ni mo ṣe tò wọ́n. Lásúnkànmí ló ṣáájú, Tòún tẹ̀lé e. Bí mo bá ti fọwọ́ kan ibi tí ọ̀kan wà nínú ọ̀já, mo ti mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀." Ó na ṣílè náà sí Àjíbíkẹ́. "Ìwọ lo mọ owó kà. Bá mi wò ó. Ta ni èyí?"

Àjíbíkẹ́ wò ó. Ó rí ọdún, ó rí lẹ́tà kékeré abẹ́ rẹ̀, ó sì mọ ohun tí Adébánjí máa san. Kò rí orúkọ ọmọ kankan. Ẹ̀rù tó bà á báyìí, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù mọ́.

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ṣé kì í ṣe ti Máyọ̀kún?" Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀. "Torí bó bá jẹ́ tiẹ̀ ló kù, a jẹ́ pé àwọn yòókù tún kú nìyẹn."