Ìdí Ìbọn Tí Mo Gbé Sórí Àjà

Kò sí ìdí ìbọn tó jáde láti àgbẹ̀dẹ ọkọ mi ní Osi tí kò kọ́kọ́ sùn lórí àjà ìdáná mi. Bí ó bá ti gbẹ́ igi náà tán, èmi ni mo ń gbé e sókè kó lè gba èéfín fún ọjọ́ méje, kí ikán má baà sún mọ́ ọn. Mo ń fi iṣẹ́ yẹn yangàn, ẹ má bá mi wí.

Láyé owó epo rọ̀bì, nígbà tí àwọn ọmọ wa ń rọ́ lọ sí Kaduna, àgbà ọdẹ kan wá láti Isolo-Opin. Ìdí ìbọn rẹ̀ ti là. Ó tú ìwé ìròyìn kan, ohun dúdú kan sì yọ: ìdí ìbọn onírọ́bà tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Kaduna. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò igi.

Àwọn àgbà tó jókòó sí àgbẹ̀dẹ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Rọ́bà tí a fi ń ṣe bàtà òjò! Ubọn yìí á bú mọ́ ọ lójú."

Ọkọ mi pàápàá kò fọkàn tán an, ṣùgbọ́n agídí kò jẹ́ kó kọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kẹjọ. Àṣà wa ni pé alágbẹ̀dẹ ló ń kọ́kọ́ yin ìbọn tó bá ṣe, lórí èjìká ara rẹ̀. Bí rọ́bà yẹn bá jáni kulẹ̀, orúkọ ọkọ mi ti bàjẹ́ nìyẹn, bí ojú rẹ̀ kò bá tilẹ̀ bá a lọ.

Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Èmi náà gbé e sórí àjà. Ọwọ́ mi kò mọ ohun mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì tí mo wo òkè, ó ti tẹ̀ kọrọdọ. Mo fẹ́ purọ́ pé ewúrẹ́ ló tẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí, mo gbé e lọ bá a.

Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ìyá wọn, ó rọ̀! Àṣé kè é ṣe àjèjì. Ohun tí uná bá ti lè mú rọ̀, mo lè rọ ọ́."

Ó ní kí n gbé omi kaná. A rì í sínú omi gbígbóná, ó fọwọ́ tọ́ ọ, ó sì dì í mọ́ pákó títí ó fi tutù. Láti ìgbà yẹn lọ, ó ń dì í mú bí ẹni tó di irin mú.

Lọ́jọ́ kẹjọ, gbogbo wọn pé. Ọkọ mi ti kan rọ́bà náà mọ́ ìbọn. Wọ́n ní kó so ìbọn ọ̀hún mọ́ igi, kó dúró lókèèrè, kó fi okùn yìn ín. Ó gbé e lé èjìká, ó yìn ín. Èéfín lọ tán, ọkọ mi dúró ṣinṣin, rọ́bà náà kò sì sán.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Ó ní kí wọ́n dákẹ́. "Ìyàwó mi ló tẹ̀ ẹ́ lórí àjà. Òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tó jẹ́."

Mo ro pé wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín. Àgbà ọdẹ yẹn gba ìbọn rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó sì kí mi bí wọ́n ṣe ń kí alágbẹ̀dẹ: "Àrọ́yè o!"

Wọn kì í kí obìnrin bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé Ògún ni wọ́n fi ń dáhùn, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí. Mo na ọrùn sókè, mo ní, "Àmín."