Igi Tó Kú Lórí Ilẹ̀ Ìyá

Ọdún kọkànlá rèé tí àwọn aládùúgbò ti ń pè é ní Ìyá Onígi, bẹ́ẹ̀ kò gbin igi kan rí. Kíkà ló ń kà á. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan tó wà lókèèrè ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Èéfín tiwọn ń rú lọ́hùn-ún, igi tí yóò fà á mu ń dàgbà níbí, wọ́n á wá kéde fáyé gbọ́ pé ọwọ́ àwọn mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí rédíò pé ẹ̀tàn ni, pé kí wọ́n kọ́kọ́ dín èéfín kù nídìí ẹ̀rọ wọn ná. Ìyá Onígi kì í dá sí i. Orúnkún ń dùn ún.

Oko ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbin igi náà sí. Màmá ti tẹ̀ka sí ìwé pé òun yá wọn nílẹ̀ náà fún ogójì ọdún, ó wá ku ọgbà ẹ̀yìnkùlé nìkan tó fi ń jẹun.

Lọ́dún yìí, àwọn igi fojú winá ọ̀gbẹlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ìyá Onígi fi gun òkè tí oko náà wà, tó ń fi ọ̀dà funfun sàmì sí èyí tó wà láàyè. Nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, bóyá ló ku ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀gá ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà níbí ní kó ka èyí tó gbẹ mọ́ ọn, pé gbòǹgbò wọn lè má tíì kú. Ó kọ̀. Kì í ṣe torí pé ó fẹ́ gbayì o. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá rí i pé ilẹ̀ yẹn kò gba igi, wọ́n á dá a padà fún ìyá òun. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn bó ṣe ń kọ iye náà sílẹ̀.

Èsì dé lọ́sẹ̀ kẹta. Ọ̀gá kà á fún un, ó ti rẹ òun náà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òótọ́ tó sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ fáyé kò ṣeé kó jẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ gbin òmíràn rọ́pò èyí tó kú, ìwé tí Màmá tẹ̀ka sí sì fàyè gbà wọ́n láti gba ilẹ̀ mìíràn kún un.

Ó ní, "Ilẹ̀ wo ló tún kù, sà?"

Ọ̀gá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi bírò tọ́ka sí ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Onígi fẹ́ bínú, kò rí agbára ẹ̀.

Ó bá Màmá níbi tó ti ń bomi rin ewébẹ̀.

"Ọmọ mi, káàbọ̀. Ṣé wọ́n ti gbà pé igi wọn kú?"

"Wọ́n ti gbà, Màmá."

"Ṣéèyàn á wá sinmi báyìí."

Ó gba ike omi lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó bomi rin gbogbo ọgbà náà tán pátápátá kó tó sọ fún un.