Màlúù Ẹlẹ́ni Méje

Ilé alápatà ni wọ́n bí i sí, alápatà náà ni ó sì dà. Àwọn aládùúgbò kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí pé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ó ń ṣe ohun gbogbo. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ó ń rìn, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ó ń gé ẹran fún oníbàárà, bí inú bá sì ń bí i pàápàá, wọ́ọ́rọ́wọ́ náà ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n jọ ń ta ẹran ní ìsọ̀ kan náà, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí iná bá ń jó ilé ẹ̀gbọ́n òun, ẹ̀gbọ́n òun yóò kọ́kọ́ wá bàtà rẹ̀ méjèèjì ná kí ó tó jáde.

Fún ọdún mọ́kàndínlógójì, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń fi ẹran ọdún Iléyá lé. Ìdí rẹ̀ kò ju pé ó mọ̀ pé ẹran kì í ṣe igi. Bí wọ́n bá fa àgbò wọ àgbàlá ẹ̀yìn mọ́sálásí, omi ni yóò kọ́kọ́ bù fún un. Kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀kan rí ibi tí a ti ń pa èkejì. Ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe aránṣọ, ti so aṣọ ìbora méjì pọ̀ fún un tí ó fi ń ṣe ìkélé sí àárín àgbàlá. Bí ẹlẹ́ran kan bá ní kí ó yára nítorí pé ìkòkò ti wà lórí iná, a dá a lóhùn pé ìkòkò lè dúró. Ẹni tí ó ń lọ tí kò ní padà bọ̀ ni kò yẹ kí a kán lójú.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni nǹkan bàjẹ́. Ní ọdún náà, àwọn ènìyàn méje pawọ́ pọ̀ ra akọ màlúù kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti fàyè gbà pé kí ẹni méje fi màlúù kan ṣe ọdún. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí a ti fa màlúù wọ àgbàlá náà kẹ́yìn. Àgbò ni gbogbo wọn ń pa níbẹ̀. Ọrùn màlúù yìí tó ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n dè é, wọ́n dà á dùbúlẹ̀, Bàbá Wọ́ọ́rọ́wọ́ pe orúkọ Ọlọ́run, ó sì fa ọ̀bẹ. Ohun tí ó yẹ kí ó parí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò parí. Ó tún fà á. Màlúù náà já okùn kan, ó gbé orí sókè, ó sì wo ẹni tí ó ń pa á. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, kí ó tó dákẹ́. Lèmọ́mù yẹ ọrùn ẹran náà wò, ó bi alápatà bóyá ó gbé ọ̀bẹ kúrò lọ́rùn rẹ̀ rárá, alápatà ní òun kò gbé e, lèmọ́mù sì ní jíjẹ rẹ̀ tọ́. Wọ́n pín in. Ẹnì kan kò bá a wí. Bóyá bí wọ́n bá ti bá a wí ni, ìbá sàn.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti fi iṣẹ́ ọdún sílẹ̀. Ẹran tí wọ́n bá ti pa láti ilé ìpẹran ni ó ń tà ní ìsọ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè, a ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ohun tí kò sọ fún ẹ̀dá alààyè ni pé ó gbà pé àánú ti kúrò ní ọwọ́ òun. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ti ń pa ẹran fún ogójì ọdún ó dín kan, ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ti yigbì kí òun fúnra rẹ̀ má mọ̀, àti pé ibi tí ọkàn bá lọ ni ọwọ́ ń tọ̀. Bí ọkọ̀ tí ó kó màlúù bá ń kọjá ní òpópónà, a yí ojú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn tí ó gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ wọn yá ju ojú wọn lọ. Wọn a so àgbò tò sí ara ògiri láti òwúrọ̀ láìsí omi, kí èyí ẹ̀yìn máa wo bí a ti ń pa èyí iwájú. Ọ̀bẹ kan ni wọ́n fi ń pa ogún. Ní èṣí, ẹnì kan dúró ní ojú fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ó fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, ó sì tàn kálẹ̀. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú. Wọ́n ní lọ́dún yìí, dókítà ẹran yóò dúró nínú àgbàlá láti orí ẹran àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Bí ó bá rí ẹyọ kan ṣoṣo tí a fi ìyà jẹ, yóò ti ìlẹ̀kùn ibẹ̀ pa, a kò sì ní pa ẹran ọdún níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Ni lèmọ́mù àti àwọn àgbà mọ́sálásí bá gbéra, ó di ilé Bàbá Wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó gbọ́ tán, ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn mú, ó ní àìsàn òun ni.

Lèmọ́mù wò ó títí. "Alápatà, ẹ̀yìn tó ti ń dùn yín láti ọdún mẹ́ta, tó tún ń ru ìlàjì màlúù látinú ọkọ̀ wọ ìsọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, irú ẹ̀yìn wo nìyẹn?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, òun náà rín díẹ̀. Ó gbà láti pa àgbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ pé àwọn ẹni méje ọjọ́sí tún ti ra màlúù, ojú rẹ̀ ṣú, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn fún ìyẹn. Wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn. Àwọn ọlọ́wọ́ yíyá ti sọ pé àwọn kò ní fọwọ́ kan màlúù lójú dókítà. Bí màlúù náà bá jìyà, àgbàlá ti lọ. Bí kò bá sì gbà á, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni yóò ṣe é. Ó ní òun yóò rò ó wò, wọ́n bá dìde lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún pé ni dókítà ẹran wá wo ibẹ̀. Obìnrin kúkúrú kan ni, tí téèpù ìwọ̀n wà nínú àpò aṣọ rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn. Kò fi ọ̀rọ̀ wé ewé rárá.

"Bàbá, mi ò ní tàn yín. Ká ní èmi ni mo ni òfin, ẹ ò ní pa ẹran kankan láì kọ́kọ́ kùn ún lóorun. Ṣùgbọ́n òfin fún yín láyè. Bí ẹ ṣe ń ṣe é ni mo wá wò."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí nítorí pé kò lábùlà. Ó fi ìkélé hàn án, ó fi ibi omi hàn án, ó fi ibi tí àwọn ẹran yóò ti máa dúró hàn án. Dókítà ní ibẹ̀ kò ní ìbòòji, kí wọ́n wá nǹkan bò ó. Nígbà tí ó wá bèèrè ẹni tí yóò pa màlúù, Bàbá Wọ́ọ́rọ́wọ́ wolẹ̀. Kò mọ ohun tí ó ṣí i lẹ́nu; bóyá nítorí pé àjèjì ni obìnrin náà ni. Gbogbo ohun tí kò sọ fún lèmọ́mù, tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ́ fún un, láti orí okùn tí ó já dé orí bí màlúù ti wojú òun.

Dókítà kò kí i kú àmójúkúrò. Ó ní kí ó gbé ọ̀bẹ ọjọ́ náà wá. Ó gbé e wá. Ọ̀bẹ baba rẹ̀ ni. Baba rẹ̀ lò ó fún ọgbọ̀n ọdún kí ó tó kàn án. Dókítà na téèpù sí i lára. Lẹ́yìn náà ó lọ bá màlúù tí wọ́n so sí abẹ́ igi, ó fi téèpù kan náà wọn ọrùn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ọrùn fẹ̀ ju bí ọ̀bẹ ti gùn lọ.

"Ó yẹ kí ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ọrùn tó fẹ́ gé, kí ìfà kan lè parí rẹ̀," ni dókítà wí. "Nígbà tí bàbá yín ń lò ó, báwo ló ṣe gùn tó?"

Bàbá Wọ́ọ́rọ́wọ́ na apá ọ̀tún rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì sàmì láti ìgbúnwọ́ dé ìka. Bí ó ti sàmì náà tán ni ọwọ́ rẹ̀ dúró sí afẹ́fẹ́. Àádọ́rin ọdún ni wọ́n fi pọ́n ọ̀bẹ náà lórí òkúta, ọjọ́ gbogbo ni òkúta sì ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ó ń wo ènìyàn lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀ pé ó ń rù. Ó ṣì tó ọrùn àgbò, nítorí náà kò fura. Ní ilé ìpẹran, ọ̀bẹ ibẹ̀ ni wọ́n fi ń pa màlúù. Ó rántí pé àbúrò òun ti sọ ọ́ nígbà kan pé ọ̀bẹ yìí kò yẹ fún iṣẹ́ kan mọ́ ju kí a fi họ ẹja. Ó rántí èsì tí òun fọ̀: ọ̀bẹ bàbá wa ni.

"Ọwọ́ yín kọ́ ló ṣẹ̀, Bàbá. Ọ̀bẹ ni."

Bàbá Wọ́ọ́rọ́wọ́ wá ibi jókòó. Dókítà ká téèpù rẹ̀, ó sì fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá o."

Alápatà rẹ́rìn-ín tí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Òtítọ́ ni, ó sì korò, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ ṣeé gbé. Èyí tí ó ti ń rù láti ọdún mẹ́ta kò ní ìwọ̀n.

Nígbà tí ó délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ní ṣé ohun tí ó ń pè ní ẹ̀yìn dídùn nìyí, tí òun fi ń bá a fi omi gbígbóná jó o lálaalẹ́.

"Kí ni kí n wí?" ni ó dáhùn. "Ṣé kí n sọ fún ọ pé mo ti di ìkà ni?"

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ìkà wo ló ń ro àròkàn nítorí màlúù?"

Ní ọjọ́ kejì, òun àti àbúrò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, wọ́n mú ọ̀bẹ gígùn kan. Àbúrò rẹ̀ gbé e sí èjìká bí ìbọn, ó bèèrè bóyá ogun ni wọ́n ń lọ. Bàbá Wọ́ọ́rọ́wọ́ pọ́n ọ̀bẹ náà fún odidi ọ̀sán, ó ń fi bébà dán an wò, títí tí bébà fi ń já láìgbọ̀n.

Ní ọjọ́ ọdún, dókítà wọ bàtà rọ́bà, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Àgbò mẹ́rìnlá kọjá lẹ́yìn ìkélé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí ó rí èkejì. Àwọn kan ń kùn pé ọ̀sán ti ń pọ́n. Bàbá Wọ́ọ́rọ́wọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wá kan màlúù.

Wọ́n dà á dùbúlẹ̀. Alápatà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, níbi tí ẹran kò ti lè rí i, ó ní kí gbogbo èrò jáde, kí ó ku àwọn tí ó di okùn mú, lèmọ́mù àti dókítà. Àwọn ẹni méje ní àwọn ni àwọn ni ẹran. Ó ní ẹran náà kò mọ̀ wọ́n, ariwo wọn ni ó mọ̀. Wọ́n jáde. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa màlúù náà lọ́rùn, ó ń dúró kí èémí rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó pẹ́. Àbúrò rẹ̀, tí ó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, sọ ọ́ kẹ́lẹ́ pé sùúrù náà ni wọ́n fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Lèmọ́mù yíjú sókè bí ẹni tí ń wo òjò. Èémí màlúù náà rọlẹ̀, ti alápatà náà rọlẹ̀. Ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó sì fa ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan.

Kò sí ìkejì. Màlúù náà kò já okùn kankan. Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ojú màlúù náà láti mọ̀ bóyá yóò ṣẹ́jú, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó tún fi ìka kàn án. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú.

"Ó ti lọ," ni ó wí. Ó kọ nǹkan sínú ìwé. Ó ní òun kò ní ti ìlẹ̀kùn kankan, ṣùgbọ́n òun yóò tún wá ní àmọ́dún.

Bàbá Wọ́ọ́rọ́wọ́ ń nu ọ̀bẹ níbi tí ó kúnlẹ̀ sí. Orí ilẹ̀ tí ó wà náà ni àwọn ẹni méje bá a nígbà tí wọ́n wọlé láti kí i. Ó ní kí wọ́n dúró ná, pé òun ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ó sọ fún wọn pé màlúù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀bẹ òun ni kò tó o, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún òun. Kí wọ́n forí jì òun.

Wọ́n wo ara wọn. Mẹkáníìkì inú wọn ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀bẹ? Bàbá, ọ̀bẹ lásán ni? Ọjọ́ yẹn, èmi àti bùrọ̀dá mi ń bínú síra wa. Mo rò pé torí ẹ̀ ni Ọlọ́run ò ṣe gba ẹran náà. Mo ti lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ láti ìgbà yẹn."

Èyí tí ó jẹ́ tíṣà nínú wọn ní òun náà rò pé torí ìrun òwúrọ̀ tí òun sùn gbàgbé ni. Awakọ̀ kò fẹ́ sọ tirẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run ṣáà bo àṣírí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara wọn. Nínú àwọn méje, kò sí ẹni tí kò tíì fi màlúù náà bá ara rẹ̀ wí. Àbúrò alápatà rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Dókítà, tí ó ti dé ẹnu ọ̀nà, yíjú padà, ó bèèrè ohun tí ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Alápatà fẹ́ dá a lóhùn, ẹ̀rín kò jẹ́.