Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Yọ Lára Ẹ̀rọ Bàbá Mi

Òórùn epo bẹntiróòlù tó jóná kì í jẹ́ kí ara tù mí títí dòní. Bí mo bá ń gba iwájú àwọn tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ìkàrẹ́ kọjá, ẹlòmíì á yínmú, èmi á máa wolẹ̀. Ìgbà èwe mi ní Ọ̀kà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ìgbà tí mo gbà pé kò sí ohun tí àgbà mọ̀ tí èmi ò mọ̀.

Ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ láàárín Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́ nígbà náà ni. Olùkọ́ wa kan ní ọ̀kan, ó sì ń nù ún ju bó ṣe ń nu pátákó ìkọ̀wé lọ. Èmi ní kẹ̀kẹ́ àlòkù kan, ṣùgbọ́n òkè Ọ̀kà kì í ṣe ibi téèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Mo wá gbọ́ pé ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìkàrẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì sórí kẹ̀kẹ́ tiẹ̀, mo sì lọ fojú ara mi rí i. Ẹ́ńjìnnì náà wà lẹ́yìn ìjókòó, irin róbótó kan tí wọ́n fi rọ́bà wé fara ti táyà ẹ̀yìn, bí irin yẹn bá ti ń yí, táyà náà á máa yí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sílé lọ́jọ́ náà, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo rìn. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, wẹ́dà ti jó irin mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló kù.

Bàbá mi ní ẹ́ńjìnnì. Ó wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fín oògùn sí kòkó. Ní oko wa lọ́nà Ìkun, bí òjò bá ti dá, tí wọn ò bá fín kòkó, dúdú ló máa ń dú lórí igi tí á sì jẹrà. Ọkùnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ oko ló ń lo ẹ̀rọ náà. Ará Òkènè ni, ẹ̀yà Ìgbìrà, Ìgbìrà náà ni gbogbo wa sì ń pè é, àtàgbà àtọmọdé. Ó ti lo ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ wa, inú abà ló ń gbé. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Á di ìjókòó mú, á máa sáré tẹ̀lé mi, ìgbà tí mo bá sì fi máa wẹ̀yìn, ó ti fi mí sílẹ̀ tipẹ́. Bó bá sun iṣu, èmi ló máa ń kọ́kọ́ bù fún.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fi iṣẹ́ mi sí, torí mo mọ̀ pé yóò lọ kírun, kò sì ní í tètè dé. Mo tú ẹ́ńjìnnì, mo dè é mọ́ kẹ̀kẹ́, mo rọ epo bẹntiróòlù sí i. Orí epo tí mo rọ yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọn kì í rọ epo lásán sírú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ ọn kí inú rẹ̀ má baà jó. Ojú mi ni Ìgbìrà ti máa ń pò ó nínú ike, á mì ín, á sì gbé e sókè sójú oòrùn wò ó. Mo ti rí i láìmọye ìgbà. Mo rò pé àṣejù àgbàlagbà lásán ni.

Ẹ ò bá rí mi lójú títì. Àwọn ọmọge tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ jáde wá wòran, èmi náà sì gbé àyà síwájú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Mi ò ní bíréèkì gidi, bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ mi ni mo ń fi tẹ táyà. Mo gun òkè kìíní. Lórí ìkejì, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í han, ó sì dákẹ́ lójijì, táyà ẹ̀yìn le gbagidi, mo ṣubú. Sàlẹ́ńsà gbígbóná bà lé ẹran ẹsẹ̀ mi, ó sì jó o. Àwọn ọmọge yẹn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn ló dùn mí jù lọ́jọ́ náà, ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Kí Ìgbìrà tó dé, mo ti dá ẹ́ńjìnnì padà sáyè rẹ̀, mo ti fi karosíìnì nù ún mọ́ tónítóní, mo sì ti wọ ṣòkòtò gígùn.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n fa okùn ẹ̀rọ, okùn ò fà. Mẹkáníìkì tú u, ó ní ẹni tó lò ó kẹ́yìn kò po ọ́ìlì mọ́ epo, pé inú ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bàbá mi pe àwa méjèèjì síwájú abà. Bí inú bá ń bí i, ariwo ló máa ń pa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi Ìgbìrà léèrè. Ìgbìrà lóṣòó sílẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, láti ọjọ́ tí mo ti wà níbí, mi ò rọ epo láìsí ọ́ìlì rí.”

Bàbá mi yíjú sí mi. “Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí?”

“Rárá, Bàbá.”

Bí Ìgbìrà ṣe lóṣòó yẹn, ojú rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ mi lọ. Omi egbò ti rin ṣòkòtò mi, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ara. Mo rí i tó wò ó, mo rí i tó gbójú sókè wò mí. Mo ń retí pé kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ó wolẹ̀, ó sì dákẹ́. Bàbá mi ka ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀bi, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn. Nígbà tí mo ń gbọ́ tí wọ́n ń lé ẹni ẹlẹ́ni nítorí mi, inú mi dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpò rẹ̀ sórí, ó sì yà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn abà. Ó na òrí tó pọ́n sínú ewé sí mi. “Máa fi pa ẹsẹ̀ yẹn,” ó ní. “Má jẹ́ kí ṣòkòtò máa lẹ̀ mọ́ ọn.” Ó dúró díẹ̀. Mo mọ̀ báyìí pé ńṣe ló fún mi láyè kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo gba òrí, mo ní ẹ ṣé. Ó lọ. Kí bàbá mi tó rí ẹ̀rọ mìíràn, kòkó tó pọ̀ ti dú lórí igi, gbogbo ilé sì ń ṣépè fún Ìgbìrà. Èmi náà ń ṣe àmín.

Ọdún tó kọjá ni mo tó sọ ọ́ fún bàbá mi. Ó ti darúgbó, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Mo rò pé yóò bú mi, mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ńṣe ló bi mí bóyá mo ti wá ọkùnrin náà lọ. Mo ní rárá. Ó ní kí n lọ.

Mo gun ọ̀kadà mi lọ sí Òkènè. Ọ̀nà náà kò jìn, ohun tó sì ń kó ìtìjú bá mi nìyẹn, pé láti ọjọ́ yìí, ọ̀nà náà kò jìn. Ní gáréèjì, mo kí bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lábẹ́ igi, mo ní mo ń wá ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ kòkó rí lọ́nà Ìkun. Bàbá náà sún mọ́ mi, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó pe àwọn méjì sí i. Ó ní kí lorúkọ rẹ̀?

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo pe bàbá mi lórí fóònù, mo bi í léèrè.

“Orúkọ rẹ̀?” bàbá mi ní. “Ìgbìrà la máa ń pè é.”