Bí Ìjọ Wa Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Pálọ̀ Ìyá Mi

Nígbà tí Ìkórè ọdún tó kọjá kù díẹ̀, àlùfáà ìjọ wa wá sílé wa ní Ìgándó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọdé ni wọ́n lójú mi, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bá a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Àlùfáà tẹríba fún wọn, wọ́n fa àga kan, wọ́n sì sún mọ́ wọn kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa.

"Mọ́mì," ni àlùfáà wí, "ìdúpẹ́ ti ọdún yìí, a fẹ́ bojú wẹ̀yìn. A fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ ibi tí ìjọ yìí ti ṣẹ̀ wá. Nínú gbogbo àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsìn."

Mo ń wo ojú ìyá mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìrántí wọn ti ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí. Nígbà mìíràn wọ́n á bi mí bóyá bàbá mi ti dé láti ilé ìwé tí wọ́n ti ń ṣe tíṣà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti pẹ́ tá a ti sin bàbá mi. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú wọn mọ́ kedere.

"Màá sọ ọ́," ni wọ́n dáhùn. "Ta ló tún kù tó máa sọ ọ́?"

Nígbà tí mo sin àlùfáà dé géètì, mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ Mọ́mì kì í dúró sójú kan mọ́.

"Mo mọ̀, Mà," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n tá ò bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn lọ́dún yìí, ìgbà wo la tún fẹ́ gbọ́ ọ?"



Ó yẹ kí n sọ bí ìjọ náà ṣe rí báyìí. Ìsìn Yorùbá la máa ń kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ kí wọ́n tó ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn tó bá pẹ́ dé, ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń dúró sí gbọ́ ìwàásù. Nísinsìnyí, bẹ́ǹṣì iwájú nìkan ló ń rí èèyàn jókòó sí i, àwa arúgbó àti àwa tó ń di arúgbó. Àwọn ọmọ wa ti lọ sí Kánádà àti Ìlú Ọba. Àwọn tí kò rí ibi lọ nínú wọn ti lọ sáwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà lọ́nà Ìkòtún àti Command. Ẹni tó ń tẹ dùùrù fún wa náà ti bá wọn lọ. Páánù ń jò níbi tí ẹgbẹ́ akọrin máa ń jókòó sí, dípò ká tún un ṣe, àga la gbé kúrò níbẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá sì yí sọ́dọ̀ wa, èéfín ààtàn Solous á wọlé bá wa lórí àdúrà, a ó máa wúkọ́ títí a ó fi ṣe Àmín.

Ìtàn ìjọ tí èmi mọ̀ ni èyí tí bàbá mi máa ń sọ, òun náà ni gbogbo ìjọ mọ̀. Wọ́n ní ìtara ìyìn rere ló mú kí àwọn ìdílé onígbàgbọ́ mélòó kan péjọ sí pálọ̀ wa nígbà tí Ìgándó ṣì jẹ́ igbó àti oko ẹ̀gẹ́. Wọ́n yá bẹ́ǹṣì nílé ìwé bàbá mi. Nígbà tí pálọ̀ ò gbà wọ́n mọ́, àwọn obìnrin ru yanrìn, àwọn ọkùnrin mọ búlọ́ọ̀kù, ilé ìsìn sì dìde. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í fetí sí i mọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú ìsìn náà, èmi àti ìyá mi jọ ń ṣa ẹ̀wà. Mo bi wọ́n pé, "Mọ́mì, ibo lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín?"

"Látorí ọmọ yẹn ni," ni wọ́n wí.

"Ọmọ wo?"

"Ọmọbìnrin tí mo bí ṣáájú ẹ̀gbọ́n ẹ."

Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀wà. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹlòmíràn.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ní ọmọ náà ti ń di ògiri mú rìn nígbà tí ibà kọ lù ú láàárín òjò. Kò sí ilé ìwòsàn ní Ìgándó nígbà yẹn. Bàbá mi gbé e, ó ń wá ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sí Ìkòtún, omi ti gba ojú ọ̀nà, kò rí ọkọ̀ kankan, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ nínú omi. Nígbà tí bàbá mi padà wọlé, àyà rẹ̀ ló gbé ọmọ náà mọ́, kò sì fẹ́ gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe mọ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ sí àlùfáà ìjọ tí wọ́n ń lọ nígbà náà, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn, omi ò jẹ́ kó lè wá. Àwọn aládùúgbò ló wá. Àwọn ará Ìjẹ̀bú kan wà níbẹ̀, àwọn ará Èkìtì wà níbẹ̀, tọkọtìyàwó kan láti Ọ̀yọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí náà wá, wọ́n jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n sin ọmọ náà sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó mú ìwé orin dání, ìwọ̀nba orin tí wọ́n rántí ni wọ́n kọ.

"Nígbà tó di Sọ́ńdè, wọ́n tún wá," ni ìyá mi wí. "Mi ò lè jẹun, mi ò lè dìde. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n kọrin díẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún wá. Bàbá ẹ ní kí n bu omi mímu fún wọn, ìyẹn ló gbé mi dìde nílẹ̀. Báyẹn náà ni wọ́n ṣe ń wá, tí wọ́n ń mú èèyàn dání wá. A ò dá ìjọ kankan sílẹ̀ o. Wọ́n kàn ń wá wò mí ni."

"Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa rí?"

"Bàbá ẹ ò fẹ́ ká máa sọ ọ́. Ó ní ká jẹ́ kó sinmi."

Mo bi wọ́n pé apá ibo ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́yìn náà wọ́n fa ọwọ́ wọn padà. Níbi tí wọ́n nawọ́ sí, yàrá àwọn ayálégbé ló wà níbẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kọ́ ọ, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ gbogbo ẹ̀yìnkùlé, kò sì sí àmì tẹ́nikẹ́ni lè tọ́ka sí.

Òjò rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ Ìkórè. Wọ́n pa ìsìn Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ kí ilé lè kún díẹ̀, síbẹ̀ kò kún. Wọ́n kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti búrẹ́dì síwájú pẹpẹ, mo sì rántí ìgbà kan tó jẹ́ pé ewúrẹ́ máa ń ké níbẹ̀. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo gbé fóònù náà ti báàgì mi kó lè máa wò wá. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ tiẹ̀.

Nígbà tí àkókò tó, wọ́ọ̀dìn ìjọ di ìyá mi lọ́wọ́ mú, ó gbé máìkì sí wọn lẹ́nu. Ọ̀dọ́bìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọdé. Ìyá mi wo àwọn bẹ́ǹṣì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Wọn ò tíì dé," ni wọ́n wí.

Ọ̀dọ́bìnrin náà túmọ̀ ẹ̀.

Àlùfáà sún mọ́ wọn. "Àwọn wo ni, Mọ́mì?"

"Àwọn tó ń wá wò mí. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lónìí. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí wọn."

"Mọ́mì, gbogbo wa ti dé. Àwa ọmọ yín nìyí."

Ìyá mi tún wò wá, wọ́n fara balẹ̀ wò wá. "Mi ò mọ ẹnì kankan níbí," ni wọ́n wí.

Ọ̀dọ́bìnrin náà ò túmọ̀ ìyẹn. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo dìde, mo lọ mú ìyá mi jókòó. Àlùfáà bá na máìkì sí mi, wọ́n sì rọra sọ pé, "Mà, ṣé ẹ lè bá wọn sọ ọ́?"

Mo sọ ọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lórí ẹ̀wà ni mo ṣe sọ ọ́, mi ò sì fi nǹkan kan pa mọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn aládùúgbò ti tún wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹnì kan kígbe Halelúyà, àwọn yòókù bá a gbé e. Nígbà tí mo parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́ọ̀dìn gba máìkì, ó ní ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ fún ìtara àwọn baba wa, ó sì ní kí àwọn tí wọ́n bí ní oṣù kìíní jáde wá. Orin bẹ̀rẹ̀.

Mo padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Wọ́n fọwọ́ kàn mí lápá.

"Ọmọ ta ni wọ́n ló kú yẹn?"

Mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n tún un bi.

"Ọmọ obìnrin kan ni, Mọ́mì."

"Ṣó ti ń rìn?"

"Ó ti ń di ògiri mú."

Wọ́n mi orí. "Ó yẹ ká lọ kí ìyá ẹ̀," ni wọ́n wí. "Kò yẹ kó dá jókòó."

Àwọn ọlọ́pẹ́ ń jó kọjá níwájú wa, tí wọ́n ń ju áńkáṣíìfù sókè. Mo di ọwọ́ ìyá mi mú, mi ò sì gbé ojú mi sókè títí ìsìn fi parí.

Kí n tó dé géètì ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi ti pè padà. Ó ní, "Ṣóòótọ́ ni ohun tó o sọ yẹn?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí," ni ó wí. "Ṣé inú fóònù ló yẹ kí n ti gbọ́ pé èmi kọ́ ni àkọ́bí?" Ó ní kí n gbé fóònù fún Mọ́mì. Ìyá mi kí i dáadáa, wọ́n bi í pé ọmọ ta ni.

Nígbà tá a délé, ìyá mi kọ̀, wọn ò bọ́ bàtà. Wọ́n ní à ń lọ kí ìyá ọmọ tó kú. Mo rò pé wọ́n máa gbàgbé, wọn ò gbàgbé. Nígbà tó yá, mo di wọ́n lọ́wọ́ mú, a yí ilé ká lọ sẹ́yìn. Ayálégbé kan ń fọ aṣọ, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. A dúró láàárín ilẹ̀kùn yàrá àti kànga.

"Ṣé ibí ni?" ni wọ́n bi mí.

"Ibí ni, Mọ́mì."

Wọ́n wo ilẹ̀ oníṣìmẹ́ńtì, wọ́n wo okùn tí aṣọ wà lórí ẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan níbí," ni wọ́n wí. A padà sínú ilé.

Lẹ́yìn Kérésìmesì, ìpàdé ìjọ fẹnu kò pé kí ìsìn Yorùbá dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn. Wọ́n ti gbé àlùfáà wa lọ síbòmíràn, ẹni tí wọ́n gbé wá kì í sọ Yorùbá púpọ̀. Mo ṣì ń lọ nígbà tí mo bá rí ẹni bá mi jókòó ti ìyá mi, ṣùgbọ́n n kì í kọrin mọ́.

Ìyá mi ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Mo máa ń bẹ Ọlọ́run tẹ́lẹ̀ pé kó dá ìrántí wọn padà fún wọn, mo máa ń fi omijé bẹ̀ ẹ́. Mo ti ṣíwọ́ àdúrà yẹn. Tí ìrántí wọn bá padà dé lónìí, gbogbo ẹni tí wọ́n máa bèèrè ló ti kú, wọ́n á sì tún máa kú lójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, látorí ọmọ yẹn. Mi ò lè fojú wo ìyẹn. Àmọ́ mi ò tíì rí àdúrà mìíràn fi dípò ẹ̀. Tí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, mo kàn ń kúnlẹ̀ ni, lẹ́yìn náà màá dìde lọ po ògì wọn.